Áàpù dáìsì AR lórí fóònù: èwo lẹ ń lò, èwo la lè gbọ́kàn lé?

BàbáÌbejì_Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Lúdò la máa ń ta nílé wa lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán: èmi, ìyàwó mi, ìyá mi, àwọn ìbejì àti àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Dáìsì kì í pẹ́ sọnù nílé tí ọmọdé bá wà. Àbúrò mi wá fi áàpù kan hàn wá tí wọ́n ń pè ní AR (augmented reality). Ẹ óò na kámẹ́rà sí tábìlì, dáìsì á jábọ́ sórí tábìlì náà lójú fóònù, á yí gbiri, á ní òjìji, bíi pé ó wà níbẹ̀ gan-an. Inú àwọn ọmọ dùn débi pé wọn ò tún bèèrè dáìsì oníke mọ́.

Nígbà tí mo lọ wá tèmi, mo rí i pé wọ́n pọ̀ lọ jàra, gbogbo wọn ló sì ń pe ara wọn ní èyí tó dára jù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: irú èwo ló máa ṣiṣẹ́ lórí Android tí kò wọ́n? Èwo ni kì í jẹ bátìrì jù? Èyí tó ká mi lára jù, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò sí màgòmágó nínú nọ́ńbà tó ń jáde? Ìyàwó mi ti sọ pé òun ò gbà, pé ẹni tó bá mú fóònù dání ni mẹ́fà ń jáde fún.

Oníṣẹ́Fóònù_Ẹ̀gbá

Ẹ kú ilé o, Bàbá Ìbejì. Kí ẹ tó wá áàpù, ẹ kọ́kọ́ yẹ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín wò. Fóònù ni mò ń tún ṣe, ojoojúmọ́ sì ni àwọn èèyàn ń bi mí léèrè ìdí tí AR ò fi ṣiṣẹ́ lórí tiwọn.

Lórí Android, ohun tí Google ń pè ní ARCore ló ń gbé e ró. Fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí Android 7.0 ó kéré tán, Google sì gbọ́dọ̀ ti yẹ irú fóònù náà wò kó tó fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ tó gbé síta fún gbogbo ayé. Kámẹ́rà ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí fóònù ṣe ń rìn àti bó ṣe ń yí, wọ́n tún ń wò ó bóyá ẹ̀rọ inú rẹ̀ lágbára tó. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò ní gyroscope, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí, rárá. Ẹ lè ní kámẹ́rà tó mọ́lẹ̀ kedere, tí gyroscope ò bá sí, AR tòótọ́ ò lè wáyé níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè rí áàpù kan lórí Play Store tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ò sì rí i. Tí ẹni tó ṣe áàpù bá kọ ọ́ pé dandan ni AR, Play Store á fi í pamọ́ fún fóònù tí kò lè gbé e. Tó bá kọ ọ́ pé AR kì í ṣe dandan, gbogbo èèyàn á rí i, ẹni tí fóònù rẹ̀ ò gbé AR á kàn máa ju dáìsì sórí tábìlì tí wọ́n yà sínú áàpù náà. Irú èyí ni kí ẹ wá, torí fóònù gbogbo yín nínú ilé ò lè dọ́gba.

Ti iPhone rọrùn díẹ̀. ARKit ni Apple ń pe tiwọn, ó bá iOS 11 dé ní 2017, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti iPhone 6s lọ sókè. iPhone 12 Pro tó jáde ní 2020 àtàwọn Pro tó tẹ̀ lé e ní LiDAR, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí. Àwọn yẹn máa ń rí tábìlì lójú ẹsẹ̀, wọn ò ní ní kí ẹ máa yí fóònù kiri kó tó dá a mọ̀.

Ọ̀dọ́_Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Fóònù tèmi wà nínú àkójọ yẹn, ṣùgbọ́n ìyà ló ń fi jẹ mí. Tábìlì wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì funfun, ó sì ń dán. Màá máa yí fóònù kiri lórí rẹ̀ títí ọwọ́ á fi ro mí, áàpù náà á ṣì máa sọ pé òun ń wá ibi tó tẹ́jú. Tó bá dalẹ́ tí iná lọ, kò ní gbìyànjú rárá. Nígbà kan tí mo wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, mo gbé ìwé lé orí itan mi, mo ju dáìsì sórí rẹ̀. Dáìsì gbéra kúrò lórí ìwé, ó ń fò lọ síwájú nínú afẹ́fẹ́ títí mi ò fi rí i mọ́. Ṣé áàpù ni kí n pààrọ̀ ni àbí fóònù?

Kóòdù_Yábàá

Àbúrò, má tíì pààrọ̀ ọ̀kankan. Áàpù ni mò ń ṣe jẹun, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

AR ò mọ ohun tó ń jẹ́ tábìlì. Ohun tó ń wá ni àwọn ojú-àmì kéékèèké: igun kan, ìlà kan, ibi tí àwọ̀ ti yàtọ̀ sí ara wọn. Tó bá rí púpọ̀ nínú wọn tí wọ́n jókòó sójú kan náà, á gbà pé ibẹ̀ tẹ́jú. Tábìlì funfun tó ń dán kò ní ojú-àmì, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lórí rẹ̀ sì ń sún kiri bí o ṣe ń sún. Tẹ́ aṣọ àdìrẹ tàbí ìwé ìròyìn sórí rẹ̀, wàá rí i pé kíá ló máa dá a mọ̀. Fún lúdò gan-an, pátákó lúdò fúnra rẹ̀ ni ibi tó dára jù, torí ó kún fún ilé aláwọ̀ mẹ́rin àti ìlà. Ti alẹ́, iná tọ́ọ̀ṣì fóònù mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ máa ń tó o.

Ti ọkọ̀ yàtọ̀. AR ń pa ìròyìn méjì pọ̀: ohun tí kámẹ́rà rí àti ohun tí sẹ́ńsọ̀ ìrìn sọ. Nínú ọkọ̀, kámẹ́rà ń sọ pé ìwé orí itan rẹ ò kúrò lójú kan, sẹ́ńsọ̀ ń sọ pé ẹ ti já fẹ̀ẹ̀rẹ̀ wọ gálọ́ọ̀pù, ẹ ti yà sọ́tùn-ún. Wọn ò gbọ́ ara wọn yé, dáìsì á sì máa fò lọ. Kò sí áàpù tí wàá gbà tí ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ sí. Nínú ọkọ̀, pa AR, kí o ju dáìsì lásán.

Bàbá Ìbejì, lórí màgòmágó tí ẹ bèèrè, ọ̀nà méjì ni àwọn áàpù yìí ń gbà ṣe é. Ọ̀nà kìíní: áàpù á ti mú nọ́ńbà kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́, gbogbo yíyí tí ẹ ń rí lẹ́yìn náà kàn jẹ́ àwòrán tí wọ́n tò kó lè parí sí nọ́ńbà yẹn. Ọ̀nà kejì: áàpù á fún dáìsì ní agbára àti ìyípo tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú, á jẹ́ kó jábọ́ sílẹ̀, kó ta, kó yí, lẹ́yìn náà ló máa wo ojú tó kọjú sókè. Lórí iPhone, Dice by PCalc tí James Thomson ti ìlú Glasgow ṣe jẹ́ ti ọ̀nà kejì yìí. Ọ̀nà méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́, ọ̀nà méjèèjì sì lè ní àbùkù.

Àbùkù tí mo máa ń rí nínú kóòdù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyí. Wọ́n á mú nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 255, wọ́n á pín in sí 6, wọ́n á fi àṣẹ́kù ṣe ojú dáìsì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 256 ló wà níbẹ̀, 6 kò sì pín 256 géérégé, ó ṣẹ́ku 4. Nítorí náà ojú mẹ́rin á ní àǹfààní 43 nínú 256, méjì tó kù á ní 42. Ó kéré, àmọ́ ó ti tẹ̀ sápá kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ju nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn nù, á mú òmíràn. Android ní SecureRandom tó ń mú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú, Swift tí wọ́n fi ń kọ áàpù iPhone náà ní tirẹ̀, kò sì sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa ṣe jíbìtì àìmọ̀ọ́mọ̀ yìí fún àwọn tó ń lo áàpù rẹ̀.

Tísà_Ìṣirò

Ẹ ṣé o, Kóòdù. Ìyàwó Bàbá Ìbejì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì ṣeé dáhùn láìjiyàn rárá.

Ẹ mú dáìsì kan, ẹ jù ú ní ìgbà 600. Kò le tó bó ṣe dún, torí ọ̀pọ̀ áàpù ló lè ju 20 pa pọ̀, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta péré. Ẹ kọ iye ìgbà tí ojú kọ̀ọ̀kan jáde sílẹ̀. Dáìsì tó tọ́ yẹ kó fún yín ní nǹkan bí 100 fún ojú kọ̀ọ̀kan, kò sì ní jẹ́ 100 géérégé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ yọ 100 kúrò nínú iye kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ohun tó kù ṣe ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀, ẹ pín in sí 100, kí ẹ ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní ẹ rí 92, 108, 97, 111, 89 àti 103. Ìyàtọ̀ wọn sí 100 ni 8, 8, 3, 11, 11, 3. Ìsọdipúpọ̀ wọn ni 64, 64, 9, 121, 121, 9, àròpọ̀ 388. Ẹ pín in sí 100, ó di 3.88. Ààlà tó wà fún dáìsì olójú mẹ́fà ni 11.07, dáìsì tó tọ́ kì í kọjá ibẹ̀ ju bí ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. 3.88 kò dé ibẹ̀ rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ká wá ní ẹ rí 80, 95, 98, 97, 95 àti 135 fún mẹ́fà. Èyí á fún yín ní 16.88. Ẹ tún un jù, bó bá tún kọjá 11.07, ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù.

Nǹkan kan tún wà tó ń fa ìjà nídìí lúdò. Ẹni tó ń fi dáìsì kan ṣoṣo wá mẹ́fà kó lè jáde nílé lè jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má rí i. Tí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá, nǹkan bí mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ojú máa pọ́n báyẹn. Tó bá jẹ́ dáìsì méjì la ń lò, bíi tiwa ní Nàìjíríà, nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mẹ́fà-mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ ìgbà kan nínú 36. Ìdúró pípẹ́ yẹn ló ń dun èèyàn, òun náà la sì máa ń rántí, a kì í rántí ìgbà tí mẹ́fà tètè dé.

Alàgbà_Òde

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ kú ọpọlọ pípé. Èrò tèmi yàtọ̀. Dáìsì tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mì, tó dà sínú pátákó tí gbogbo ojú ń wò ó, òun ni dáìsì. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú, ariwo tó ń sọ nínú ife ni adùn rẹ̀. Fóònù ti gba oúnjẹ lẹ́nu wa, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ṣé lúdò náà tún ni ká gbé fún un?

Tísà_Ìṣirò

Alàgbà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí adùn. Lórí òtítọ́, mi ò lè gbà tán. Ẹ mú dáìsì oníke tí wọ́n ń tà mọ́ pátákó lúdò lọ́jà, ẹ wò ó dáadáa: ojú mẹ́fà ní ihò mẹ́fà tí wọ́n gbẹ́ jáde, ojú kan ní ihò kan, etí rẹ̀ kan sì rí rúbúrúbú ju èkejì lọ. Dáìsì ilé kalokalo ńlá ni wọ́n ń dí ihò rẹ̀ padà pẹ̀lú ohun tó wúwo bákan náà, tí wọ́n sì ń gé etí rẹ̀ ṣánṣán. Ẹ fi ìṣirò tí mo kọ sókè yẹn wọn dáìsì ọjà yín, ẹ óò rí i pé a kì í sábà bèèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ fóònù.

Èkìtì_ní_Manchester

Ẹ kú àárọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àwa tó wà nílùú òyìnbó wá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣeré Dungeons & Dragons, eré ìtàn tó ti wà láti 1974, dáìsì tí a ń lò kì í ṣe olójú mẹ́fà nìkan. Olójú mẹ́rin wà, mẹ́jọ wà, mẹ́wàá, méjìlá, àti olójú ogún tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ áàpù AR tó rẹwà tí mo ti gbìyànjú, olójú mẹ́fà péré ni wọ́n ní. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn kí ẹ tó sanwó.

Ohun kejì: nínú eré wa, nígbà mìíràn ẹ óò ju olójú ogún méjì, ẹ óò mú èyí tó ga. Ìpíndọ́gba olójú ogún kan ni 10.5, ti méjì tí a mú èyí tó ga ni 13.825. Áàpù tó dára máa ń ní bọ́tìnì fún un. Áàpù tí ẹwà nìkan gbà lọ́kàn á ní kí ẹ fi ojú ara yín wá nọ́ńbà lórí dáìsì tó wà ní igun tábìlì, ẹ óò wá máa rìn yí tábìlì ká kí ẹ lè kà á. Ẹ wá èyí tó ń kọ àròpọ̀ sí òkè ojú fóònù ní lẹ́tà ńlá.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní Adó-Èkìtì máa ń ta lúdò pọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fi kámẹ́rà hàn án, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí áàpù AR, òun ló máa gba kámẹ́rà, fídíò mi á dúró. Ohun tó bá wa yanjú ẹ̀ ni kí n pín ojú fóònù mi fún un. WhatsApp ti ń jẹ́ kí èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2023. Ó ń rí dáìsì lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń rí i gan-an, kò sì tún sí àríyànjiyàn. Ó ń jẹ dátà o, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kóòdù_Yábàá

Ó tún ní ọ̀nà mìíràn, Èkìtì. Tí ẹ bá wà nínú yàrá kan náà tí fóònù méjì sì wà, AR alájọpín wà. Apple gbé e wọ ARKit ní 2018, Google náà ní Cloud Anchors lọ́dún yẹn. Fóònù méjèèjì á rí dáìsì kan náà lójú ibi kan náà lórí tábìlì, Ìyá Ìbejì lè jókòó sápá kejì kó máa wo dáìsì láti ẹ̀yìn. Cloud Anchors nílò íntánẹ́ẹ̀tì, torí ìsọfúnni nípa ohun tí kámẹ́rà rí ń lọ sórí ẹ̀rọ Google. Áàpù dáìsì tó ní èyí kò pọ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ gbìyànjú rẹ̀, torí òun ló yanjú ẹjọ́ «ẹni tó mú fóònù dání» pátápátá.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí: àwọn áàpù dáìsì kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn onídán, tí ẹni tó ni fóònù lè yan nọ́ńbà tó máa jáde. Ẹ ka àlàyé áàpù kí ẹ tó gbà á, kí gbogbo yín sì máa lo fóònù kan tí kì í ṣe ti ẹni tó ń gbayì jù nínú eré.

ÌyáÀwọnỌmọ

Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ìpolówó, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni yóò mú fóònù yìí dání. Mo gba ọ̀kan tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tí ọmọ mi ju dáìsì bíi mélòó kan, ìpolówó tẹ́tẹ́ á bo ojú fóònù, bọ́tìnì tí a fi ń pa á á kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún méje ò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti tẹ́tẹ́ tí wọ́n bá tò wọ́n tẹ̀ léra báyẹn. Inú bí mi gan-an, mo yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó díẹ̀ tí mo san fún èyí tí kò ní ìpolówó dára jù lójú mi.

Ẹ tún wo ohun tí áàpù ń bèèrè. AR ò lè ṣe láìsí kámẹ́rà, ìyẹn yé mi. Kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe? Kí ló fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe? Tó bá bèèrè wọn, ẹ kọ̀. Lórí iPhone láti iOS 14 àti Android láti 12, àmì aláwọ̀ ewéko kékeré máa ń yọ lókè fóònù nígbà tí kámẹ́rà bá wà ní ṣíṣí. Tí ẹ bá ti kúrò nínú áàpù dáìsì tí àmì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ wádìí rẹ̀.

Oníṣẹ́Fóònù_Ẹ̀gbá

Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ bátìrì pẹ̀lú. Kámẹ́rà, sẹ́ńsọ̀, àwòrán àti ojú fóònù ló jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù á gbóná, nígbà tó bá gbóná á dín agbára ara rẹ̀ kù, dáìsì á wá máa já wẹ́wẹ́ bó ṣe ń yí. Ẹ má fi sí orí ṣájà nígbà tí ẹ bá ń lò ó, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Áàpù tó bá ń pa kámẹ́rà fúnra rẹ̀ láàárín ìjù kan sí òmíràn ni kí ẹ wá.

BàbáÌbejì_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti yẹ fóònù wò nínú àkójọ: tèmi ò sí níbẹ̀, ti àbúrò mi wà. Èyí tí AR kò ti ṣe dandan la gbà, a sì sanwó kí ìpolówó má bàa yọ. A tẹ́ pátákó lúdò sábẹ́ rẹ̀ bí Kóòdù ṣe wí, kíá ló rí i. Ìyàwó mi ló ka iye náà fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé kò súnmọ́ 11.07. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni fóònù á máa wà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e mọ́wọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Ojú ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kò lè rí àwọn ihò orí dáìsì nínú kámẹ́rà. Kí la lè ṣe fún un?

Kóòdù_Yábàá

Ẹ bá mi kí Mama o. Ẹ wọ inú ètò áàpù náà, ẹ wò ó bóyá ó lè sọ nọ́ńbà jáde lóhùn. Àwọn kan ní in. Tí kò bá ní, ẹ ṣí VoiceOver lórí iPhone tàbí TalkBack lórí Android, kí ẹ sì fọwọ́ kan àròpọ̀ tó wà lókè. Tí wọ́n bá kọ áàpù náà dáadáa, fóònù á kà á síta. Tí kò bá kà á, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, iṣẹ́ kékeré ni fún un láti tún un ṣe. Kí ẹ tó rí èsì, nígbà tó bá kan Mama, ẹ pa AR: ẹ tẹ «roll a die» sínú Google, dáìsì á yọ lójú fóònù tààrà láìsí kámẹ́rà, àwọn ìbejì á sì máa ka nọ́ńbà náà síta fún un.